A Kì í Fi Iná Sórí Òrùlé Sùn

Ọ̀rọ̀ ìyànjú tí Àlùfáà tí ń tọ́jú àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà tí wọ́n jẹ́ Yorùbá ní ìlú Bìní sọ lórí rédíò ní ọ̀sẹ̀ kẹta àkókò Ìbọ̀wá Olúwa

  

Àwọn kan nínú yín ti ń retí pé lónìí n ó sọ̀rọ̀ nípa ibùjẹ ẹran àti nípa àwọn olùṣọ́-àgùntàn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ẹtì tí ó kọjá, bí mo ti ń ti ilé aláìsàn kan bọ̀, mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń sọ kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù mẹ́ta kalẹ̀ láti inú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ó gbé wọn wọ inú ilé oníyàrá púpọ̀ kan, ó sì tò wọ́n sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ sí ibi tí ìyá kan jókòó sí tí ó ń dín ṣíńṣìn. Mo bi í léèrè pé, “Ọmọ mi, kí ni èyí?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Fada, ọdún ló dé. Epo lè wọ́n, NEPA kò sì ṣeé gbọ́kàn lé.” Ó kí mi dáadáa, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo padà sílé, mo gbé ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èyí tí ẹ ń gbọ́ yìí ni mo fi rọ́pò rẹ̀.

Ní àkókò Ìbọ̀wá Olúwa, ìjọ mímọ́ a máa rán wa létí pé kí á máa ṣọ́nà. Púpọ̀ nínú wa rò pé ọkàn nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Bẹ́ẹ̀ ni, ọkàn ni ó kọ́kọ́ kàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rántí pé àwọn olùṣọ́-àgùntàn tí áńgẹ́lì bá sọ̀rọ̀ ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù wà lójúfò nítorí iṣẹ́ tí a fi lé wọn lọ́wọ́: wọ́n ń ṣọ́ ẹran. Bí wọ́n bá ti sùn, ìkookò ì bá ti kó wọn ní ẹran lọ. Àwa náà ní ohun tí a fi lé wa lọ́wọ́ nínú ilé wa, ìyẹn ni ẹ̀mí àwọn ọmọ, ti àwọn arúgbó àti ti àwọn àlejò tí ọdún kó wá. Ìkookò tí ń bọ̀ wá bá wọn ní oṣù Kejìlá sí oṣù Kìn-ín-ní ni iná. Àwọn bàbá wa sọ pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òwe lásán. Ìkìlọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀bi tèmi, nítorí kò yẹ kí oníwàásù máa na ìka sí ẹlòmíràn kí ó tó na ìka sí ara rẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní ibòmíràn tí mo ti ṣiṣẹ́ kí a tó rán mi wá sí ìhín, a ṣe ìsìn orin Kérésìmesì ní alẹ́. A pín àbẹ́là fún tèwe-tàgbà. Mo bù wọ́n sí mímọ́, mo sì sọ láti orí pẹpẹ pé kí olúkúlùkù mú tirẹ̀ lọ sílé, kí ó tàn án níwájú ibùjẹ ẹran tí àwọn ọmọ bá kọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wọn nínú. Ó dùn mọ́ èmi náà. Ṣùgbọ́n n kò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un.

Opó kan wà nínú wọn tí ó ń ta ọjà wẹ́ẹ́rẹ́. Ọmọ méjì ni ó ní, yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń gbé. Àwọn ọmọ náà ti fi páálí àti koríko gbígbẹ kọ́ ibùjẹ ẹran kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Nígbà tí wọ́n délé, kò sí iná NEPA. Ìyá tan àbẹ́là, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọmọrí ike, ó gbé e síwájú ibùjẹ ẹran náà, wọ́n gbàdúrà. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀. Oorun gbé e lọ. Àbẹ́là jó dé ìdí, ike yọ́, koríko gba iná, páálí gbà á lọ́wọ́ koríko, aṣọ fèrèsé gbà á lọ́wọ́ páálí. Àwọn ará ilé ni ó já ilẹ̀kùn. Ọlọ́run ṣàánú, kò sí ẹni tí ó kú. Ṣùgbọ́n iná jó ọwọ́ ọ̀tún ọmọ kejì dé ọrùn ọwọ́, ìka mẹ́ta sì lẹ̀ mọ́ra. Gbogbo ọjà tí ìyá náà fi àwìn rà láti tà fún ọdún tuntun di eérú.

Nígbà tí mo lọ kí i ní ilé ìwòsàn, kò bá mi wí. Ohun tí ó sọ nìyí: “Fada, àbẹ́là tí ẹ bù sí mímọ́ ni. Mo rò pé kò lè ṣe wá ní ibi.”

Ẹ̀yin ará mi, láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ń bá mi gbé. Nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà ní Bódìjà, àwọn olùkọ́ wa kọ́ wa pé oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run kì í pa ìṣẹ̀dá rẹ́. Mo mọ ẹ̀kọ́ náà lórí, mo sì gba máàkì lórí rẹ̀, àmọ́ n kò fi kọ́ opó náà. Ìbùkún kò sọ iná di omi. Àbẹ́là mímọ́ ń jó gẹ́gẹ́ bí àbẹ́là ọjà ti ń jó. Ẹ wo fìtílà tí ń jó tọ̀sán-tòru níwájú Ara Olúwa nínú ilé ìjọsìn wa: inú gíláàsì ni a máa ń fi í sí, ẹnì kan sì wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa bojú tó o. Bí ó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ṣọ́ iná nínú ilé Ọlọ́run, mélòó-mélòó ni nínú yàrá tí ọmọ ń sùn sí? Nígbà tí Èṣù mú Olúwa wa lọ sí ṣóńṣó tẹ́ḿpìlì pé kí ó bẹ́ sílẹ̀, kí àwọn áńgẹ́lì lè gbé e, Olúwa kọ̀ fún un. Kò yẹ kí ọmọ Ọlọ́run máa dán Baba rẹ̀ wò. Ẹni tí ó to bẹntiróòlù sí ẹ̀gbẹ́ ààrò, tí ó wá ń kígbe pé ẹ̀jẹ̀ Jésù yóò bo ilé òun, ń bẹ́ láti ṣóńṣó tẹ́ḿpìlì ni.

Kí ni ó dé tí àkókò yìí fi burú ju àwọn àkókò yòókù lọ? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ọyẹ́ tí ń fẹ́ láti aṣálẹ̀ Sàhárà ti fa omi kúrò nínú ohun gbogbo. Ètè wa ń là, ewé ń wó, pátákó ń sán. Bí ó ti ń ṣe ètè wa náà ni ó ń ṣe aṣọ fèrèsé, ẹní, bẹ́ẹ̀dì àti páálí. Ohun tí ì bá rú èéfín lásán ní oṣù Keje yóò gba iná wàràwàrà ní oṣù Kejìlá. Àlejò pọ̀ nílé, ìkòkò pọ̀ lórí iná, ọwọ́ àwọn ìyá dí, oorun ń kùn wọ́n. Jẹnẹrétọ̀ ń ké láti ilẹ̀ ṣú títí ilẹ̀ fi mọ́, kẹ́ẹ̀gì epo sì di ohun ọ̀ṣọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ẹ wo àwọn onílé wa, àwọn ará Ẹdó. Nígbà tí ọdún Ìgué bá ń parí lọ ní oṣù Kejìlá, àwọn ọ̀dọ́ a máa mú igi iná dání ní kùtùkùtù òwúrọ̀, wọn a fi lé Ubi, tí ó dúró fún orí burúkú, jáde kúrò láàárín ìlú. Nígbà tí wọ́n bá ń padà bọ̀, ewé ewere ni wọn a já bọ̀ wálé fún ayọ̀. N kò wá bá ẹnikẹ́ni jiyàn ẹ̀sìn lónìí. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí: iná ni wọ́n gbé jáde, ewé tútù ni wọ́n mú wọlé. Àwa tí a ń pe ara wa ní ọ̀làjú, iná ni a ń kó wọlé.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á jọ ṣí kàlẹ́ńdà ọdún Kérésìmesì, kí á wo ohun tí iná ti ṣe ní àwọn ọjọ́ mímọ́ wọ̀nyí.

Ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, àìsùn Kérésìmesì. Ní ọdún 2015, ní ìlú Nnewi ní Ìpínlẹ̀ Anámbra, àwọn ènìyàn tò pẹ̀lú sílíńdà lọ́wọ́ ní ibi tí a ti ń ta gáàsì, kí wọ́n lè rí i fi dáná ọdún. Gáàsì gbiná, ó sì bú gbàmù. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tí wọ́n jáde nílé láti lọ ra gáàsì kò padà sílé mọ́. Àwọn tí ó kú kò jẹ̀bi ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun tí gáàsì jẹ́. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá jò, kì í fò lọ sókè. Ilẹ̀ ni ó ń wọ́ tẹ̀lé bí omi, yóò wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, yóò wọ yàrá kejì, yóò sì dúró de ẹni tí yóò ṣá ìṣáná. Òun fúnra rẹ̀ kò ní òórùn. Àwọn tí ń ṣe é ni wọ́n fi òórùn burúkú yẹn sí i kí á lè mọ̀ bí ó bá ń jò. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ òórùn rẹ̀, ẹ má ṣe tan iná mànàmáná, ẹ má sì pa á, nítorí títàn àti pípa lè ta iná pàrà. Ẹ ti ẹnu sílíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí gbogbo ènìyàn jáde síta. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé sílíńdà tuntun dé, ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, ẹ fi ìhó rẹ̀ ra ẹnu sílíńdà àti ara róbà rẹ̀. Bí ìhó bá ń wú bí ẹnu akàn, ó ń jò nìyẹn. Ẹ má ṣe fi ìṣáná dán an wò láéláé. Bí àyè bá gbà yín, ìta ni kí sílíńdà wà, kí róbà gba ara ògiri wọlé.

Ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, ọjọ́ Stéfánù Mímọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọjọ́ yìí ti kó ẹkún bá Èkó. Ní ọdún 2006, ní Abúlé Ẹ̀gbá, àwọn kan lu páìpù epo ní òru, àwọn aládùúgbò sì fi garawa àti kẹ́ẹ̀gì gbọ́n bẹntiróòlù tí ń dà jáde. Ní àárọ̀, iná sọ. Ó lé ní 250 ènìyàn tí ó ṣòfò, iná sì jó ilé tí ó wà nítòsí. Àìní ni ó lé ọ̀pọ̀ wọn débẹ̀, n kò sì ní fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ní ọdún 2012, ní ọjọ́ kan náà, ní àdúgbò Jankara ní Erékùṣù Èkó, ilé kan tí wọ́n kó bángà ọdún pamọ́ sí bú gbàmù. Ilé tí ènìyàn ń gbé ni, láàárín ilé tí ó fara ti ara wọn. Ènìyàn kú, ọ̀pọ̀ farapa, iná sì ràn mọ́ ilé mìíràn. Ẹni tí ó kó bángà náà síbẹ̀, èrè ọdún ni ó ń wá. Àwọn tí ó wà ní ilé kejì kò tilẹ̀ mọ irú ẹrù tí ó wà lẹ́yìn ògiri wọn.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí níbẹ̀ ni pé iná inú yàrá mi kì í ṣe tèmi nìkan. Nínú ilé oníyàrá púpọ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé ní Bìní yìí, òrùlé kan ni ó bo gbogbo wa. Kẹ́ẹ̀gì mi jẹ́ ewu fún ọmọ aládùúgbò mi. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ọ̀ràn òfin ìfẹ́ ọmọnìkejì ni èyí, ó sì yẹ kí á máa bi ara wa léèrè nípa rẹ̀ nígbà tí a bá ń lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Ooru tí ń jáde lára bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ bí ti gáàsì, ó sì lè rìn jìnnà láti lọ bá iná, kí ó sì fa iná náà padà wá bá kẹ́ẹ̀gì. Bí ẹ kò bá lè ṣe aláìra epo pamọ́, kí ó kéré, kí ó wà nínú ohun tí a ṣe fún epo, kí ó sì wà ní ìta, jìnnà sí ààrò àti sí oòrùn. Ẹ má ṣe da epo sínú jẹnẹrétọ̀ nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ tàbí tí ara rẹ̀ ṣì gbóná. Ẹ pa á, kí ó tutù ná. Ẹ má sì ṣe gbé e sínú ilé tàbí sí ìdí fèrèsé, nítorí èéfín rẹ̀ ní májèlé tí kò ní òórùn, tí ń pa ènìyàn lójú oorun. Ní ti kẹrosíìnì, àwọn tí ó ti pẹ́ ní ìlú yìí kò gbàgbé ọdún 2004, nígbà tí kẹrosíìnì tí a ti da epo mìíràn mọ́ ń bú gbàmù nínú àtùpà àti sítóòfù ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ẹ máa ra epo lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀, ẹ má sì ṣe bu epo sínú sítóòfù tàbí àtùpà tí iná wà lára rẹ̀.

Ọjọ́ 5 oṣù Kìn-ín-ní, ọjọ́ tí ó ṣáájú Ìfarahàn Olúwa. Ní ọdún 2022, ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, iná jó ilé kan ní òwúrọ̀. Ènìyàn 12 ni ó kú, ọmọdé sì ni 9 nínú wọn. Àwọn tí ó wádìí ọ̀ràn náà sọ pé ọmọ kékeré kan ni ó ń fi láítà ṣeré, iná sì mú igi Kérésìmesì. Àwọn ẹ̀rọ tí ó yẹ kí wọ́n máa ké bí wọ́n bá gbọ́ òórùn èéfín kò ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀ràn òyìnbó ni èyí. Ẹ̀ka igi tí a gé sínú ilé wa ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ti di igi ìdáná kí Kérésìmesì tó dé, nítorí ọyẹ́. Ẹ gbé ìṣáná àti láítà sí ibi tí ọwọ́ ọmọ kò lè dé. Ẹ má ṣe gbé àbẹ́là sí ẹ̀gbẹ́ igi tàbí ibùjẹ ẹran. Bí ẹ bá tàn án, inú àwo tí ó ní omi tàbí iyanrìn ni kí ó dúró sí, kí ẹnì kan sì jókòó tì í. Bí ẹni náà bá ń dìde, kí ó pa á. Bí iná kéékèèké tí ń lo bátìrì bá wà, kí ẹ lò ó dípò àbẹ́là. Jésù Ọmọ-ọwọ́ kò ní bínú.

Ọjọ́ 9 oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2022 kan náà. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ tí a ń ṣe ìrántí Ìtẹ̀bọmi Olúwa, tí àkókò Kérésìmesì fi ń parí. Ní Bronx, ní ìlú New York, ẹ̀rọ amúyàrá-móoru kan gbiná nínú ilé alájà 19 kan. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gbé ibẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bíi tiwa, pàápàá láti Gáńbíà. Iná náà kò jó ju ibi kékeré lọ. Síbẹ̀, ènìyàn 17 ni ó kú, ọmọdé sì ni 8 nínú wọn. Èéfín ni ó pa wọ́n. Nígbà tí àwọn ará yàrá tí ó gbiná sá jáde, ilẹ̀kùn tí ó yẹ kí ó pa ara rẹ̀ dé kò pa dé. Èéfín gba ibẹ̀ jáde, ó sì gun àtẹ̀gùn lọ bá àwọn tí iná kò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá.

Ẹ̀kọ́ méjì ni èyí kọ́ wa. Èkíní: bí ẹ bá ń sá jáde kúrò nínú yàrá tí ó ń jó, tí ẹ sì ti mú gbogbo ènìyàn jáde, ẹ pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn yín. Èkejì: bí èéfín bá ti bo yàrá, ẹ má ṣe dúró lóòró. Ẹ rá kòrò ní ilẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tí ó dára wà nísàlẹ̀. Mo sì fẹ́ fi ẹ̀kẹta kún un fún àwa ará ilé. Nítorí olè, a ti fi irin sí ojú fèrèsé, a sì ń fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn láti inú. Ní òru tí iná bá ṣẹ́, ta ni ó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà? Bàbá fi sí abẹ́ ìrọ̀rí, èéfín sì ti dé orí bàbá. Mo bẹ̀ yín, ẹ kan ìṣó kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, kí kọ́kọ́rọ́ máa wà níbẹ̀ ní alaalẹ́, kí ọmọ tí ó kéré jù tí ó lè ṣí ilẹ̀kùn mọ̀ ọ́n. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí irin fèrèsé kan ṣeé ṣí láti inú. Ní àkókò tí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò sùn lọ bẹẹrẹ lórí ẹní, kí ẹ fi ojú ọ̀nà hàn wọ́n kí wọ́n tó sùn. Òwe wa sọ pé bí iná bá ń jó ni, tí ó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Òótọ́ ni. Nítorí náà, kí á ti gbọ̀n ti ọmọ náà sílẹ̀ kí iná tó dé.

Ẹ̀yin ìyá wa, ọ̀rọ̀ agbada epo tí a fi ń dín nǹkan kan yín. Bí epo inú rẹ̀ bá gbiná, ẹ má ṣe da omi sí i. Omi wúwo ju epo lọ. Yóò rì sí ìdí agbada, ooru yóò sọ ọ́ di ọ̀yà tí ó tó ìlọ́po 1,700 omi náà, yóò sì tú epo oníná ká gbogbo ilé. Ẹ pa iná ìsàlẹ̀ bí ọwọ́ bá lè dé e, ẹ mú ọmọrí, ẹ rọra fi bò ó, ẹ má sì gbé agbada náà rìn. Ẹ fi í sílẹ̀ títí yóò fi tutù. Kí ọmọrí sì ti wà nítòsí kí ẹ tó gbé epo kaná. Ní ti èédú àti igi, ẹ rántí pé iná a máa kú fi eérú bojú. Ògúnná tí ẹ rò pé ó ti kú lè wà láàyè títí di ọjọ́ kejì. Ẹ bu omi sí i kí ẹ tó dà á nù, ẹ má sì dà á sínú páálí tàbí sí ẹ̀gbẹ́ ògiri pákó.

Bí iná bá jó ènìyàn, omi ẹ̀rọ tí ó tutù ni kí ẹ máa dà sí ojú rẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú, kì í ṣe yìnyín. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kúrò kí ibẹ̀ tó wú, ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe fi epo pupa, ẹyin, ògì tàbí ọṣẹ ìfọyín ra á. Àwọn dókítà ní láti tún bó o kúrò, ìrora aláìsàn a sì di ìlọ́po méjì.

Púpọ̀ nínú yín ń múra àtilọ sí Oǹdó, Ọ̀wọ̀, Èkìtì àti Ìbàdàn. Àjò kò ní dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn, ẹ yọ gbogbo ohun tí ó wà lójú iná mànàmáná, pàápàá áyọ́ọ̀nù. NEPA tí ó lọ láti ìjẹta lè dé lójijì nígbà tí ẹ ti wà ní Ọ̀rẹ̀, kí ó sì dé pẹ̀lú agbára tí ó pọ̀jù. Ẹ ti ẹnu sílíńdà gáàsì. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kan sí ọwọ́ aládùúgbò tí ẹ fọkàn tán. Ẹ má sì ṣe gbé kẹ́ẹ̀gì epo sínú ọkọ̀ tí ẹ ó fi kó ọmọ rìnrìn àjò.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwa tí a wà ní ilẹ̀ onílẹ̀. Bí iná bá ṣẹ́ ní òru, èdè abínibí ni ènìyàn ń fi kígbe. Ṣùgbọ́n aládùúgbò rẹ lè má gbọ́ Yorùbá. Erhẹn ni àwọn ará Ẹdó ń pe iná. Ẹ kọ́ ọ, ẹ fi kọ́ àwọn ọmọ yín. Ẹ kọ nọ́ńbà 112, tí a fi ń pe ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì ní Nàìjíríà, sí ara ògiri, kí ẹ sì wádìí nọ́ńbà panápaná àdúgbò yín kí ọdún tó dé. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú òyìnbó mọ tiyín, 999 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 911 ní Amẹ́ríkà. Ẹ dán ẹ̀rọ tí ń ké nítorí èéfín wò, ẹ má sì yọ bátìrì rẹ̀ fún rẹ́díò.

Ẹ̀yin ará mi, ohun tí mo ń bẹ̀ lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Ní alẹ́ òní, lẹ́yìn àdúrà ìdílé, kí ẹ yan ẹnì kan tí yóò jẹ́ olùṣọ́ iná nínú ilé yín títí ọdún yóò fi parí. Kí ó jẹ́ ẹni tí yóò sùn kẹ́yìn, tí yóò yípo ilé, tí yóò wo ààrò, àbẹ́là, sílíńdà àti kọ́kọ́rọ́ ara ìṣó. Bí ó bá ń yípo, kí ó máa gbàdúrà. Ìṣọ́nà àkókò Ìbọ̀wá nìyẹn, ó sì dára lójú Ọlọ́run bí èyí tí a ń ṣe lórí eékún.

Ọmọ mi oníkẹ́ẹ̀gì mẹ́ta, n kò mọ orúkọ rẹ, n kò sì dárúkọ àdúgbò rẹ. Bóyá ò ń gbọ́ mi. Jọ̀wọ́, dìde nísinsìnyí, gbé wọn kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá tí ń dín ṣíńṣìn nì kò lè sọ fún ọ, nítorí kò fẹ́ ìjà nínú ọdún. Èmi bá a sọ ọ́.

Ọmọ opó náà ti dàgbà díẹ̀ báyìí. Ọwọ́ òsì ni ó fi ń kọ̀wé. Mo máa ń rántí rẹ̀ nínú Ẹbọ Mísà ní gbogbo òru Kérésìmesì. Ní ìjọ tí mo bá wà láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó ń gba àbẹ́là lọ́wọ́ mi láìgbọ́ ìkìlọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Èyí tí mo gbàgbé láti sọ lọ́jọ́ náà ni mo wá sọ fún yín lónìí.

Kí Ọlọ́run Olódùmarè ṣọ́ ilé yín, kí ó sì fún ẹ̀yin náà ní ojú tí ń ṣọ́nà. Kí ẹ lọ re, kí ẹ bọ̀ re. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún.